Ìrìn àjò ọjọ́ kan láti London: ibo la lè kó ọmọ lọ rí igbó, odò àti ẹranko láìní mọ́tò?

ÌyáMéjì_AbbeyWood · Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìsinmi ilé-ìwé ti ọdún Àjíǹde ń bọ̀, àwọn ọmọ mi méjèèjì á sì wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, òru ni mo sábà máa ń lọ, ọjọ́ ìsinmi mi kì í sì í bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Mi ò ní mọ́tò.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ koríko, kí wọ́n rí ẹranko tó yàtọ̀ sí ajá aládùúgbò. Gbogbo ibi tí mo ń kà nípa ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ní mọ́tò tó sì lówó lọ́wọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ti lọ dá mi lóhùn: ibo la lè fi tréènì tàbí bọ́ọ̀sì dé, tí owó ọkọ̀ ò ní gbọ́n àpò mi gbẹ, tí a ó sì tètè padà wálé? Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ sọ pé igbó wọn níhìn-ín kò yẹ obìnrin tó nìkan kó ọmọ dání. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́nWoolwich · 8:20 àárọ̀

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ òru. Kí o tó sanwó ọkọ̀ lọ sí ibi tó jìnnà, ìdí ilé rẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibùdókọ̀ Abbey Wood sí Lesnes Abbey Woods, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn ín, kò sì jìnnà. Ọ̀fẹ́ ni.

Richard de Luci, adájọ́ àgbà fún ọba nígbà náà, ló dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1178. Wọ́n ti ilé náà pa ní 1525. Ìpìlẹ̀ ògiri òkúta ló kù, àwọn ọmọ lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá láti yàrá dé yàrá, kí wọ́n máa bi ọ́ pé níbo ni wọ́n ti ń jẹun, níbo ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Láti orí koríko tó wà níwájú rẹ̀, o máa rí àwọn ilé gogoro Canary Wharf lọ́ọ̀ọ́kán.

Igbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òdòdó daffodil tó ń hù fúnra rẹ̀ máa ń yọ níbẹ̀ nínú oṣù Kẹta. Bluebell á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárín oṣù Kẹrin, gbogbo ilẹ̀ abẹ́ igi á sì di aláwọ̀ aró. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ kúrò lójú ọ̀nà wọ àárín rẹ̀ o. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ewé bluebell, ó máa ń pẹ́ kó tó gbérí padà. Òfin sì wà láti 1981 tó dáàbò bo àwọn òdòdó inú igbó báyìí, a kò gbọ́dọ̀ hú gbòǹgbò wọn lọ sílé.

Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á fẹ́ràn jù nìyí: ibì kan wà nínú igbó náà tí yanrìn rẹ̀ ti jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun nígbà ìwáṣẹ̀, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Eyín ẹja shark wà nínú yanrìn yẹn títí dòní. Ó kéré, ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì ṣì mú. Mú asẹ́ kan láti ilé ìdáná. Kọ́kọ́ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n gbà kí ọmọdé sẹ́ yanrìn, kí wọ́n máa gbẹ́ ojú ilẹ̀ nìkan, kí wọ́n má gbẹ́ kòtò.

Bí agbára bá ṣì wà lẹ́sẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Green Chain ń gba ibẹ̀ lọ sí Oxleas Wood ní Shooters Hill. Ìjọba fẹ́ la títì gba inú igbó yẹn kọjá nígbà kan. Àwọn ará àdúgbò bá wọn fà á títí wọ́n fi jáwọ́ ní 1993. Èmi fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Akin_Walthamstow · 9:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìdí ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Epping Forest, torí pé ibẹ̀ ni mo máa ń kó àwọn ọmọ mi lọ jù.

Láti Abbey Wood, ẹ wọ tréènì ọ̀nà Elizabeth dé Liverpool Street, kí ẹ bọ́ sínú tréènì Overground tó ń lọ sí Chingford, kí ẹ jókòó títí ọkọ̀ á fi parí ìrìn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kì í sanwó nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí bó bá wà pẹ̀lú àgbàlagbà tó sanwó, àgbàlagbà kan sì lè kó ọmọ mẹ́rin dání. Owó ẹnì kan ṣoṣo ni Ìyá Méjì máa san, àlọ àti àbọ̀.

Bí ẹ bá tọ Station Road lọ, pápá ńlá á ṣí sílẹ̀ níwájú yín. Ilé onígi kan wà ní etí rẹ̀ tí Ọba Henry Kẹjọ kọ́ ní 1543 kó lè máa dúró lókè wo àwọn ọdẹ. Ẹ kọjá níbẹ̀ lọ sí adágún Connaught Water. Wọ́n ti tẹ́ ọ̀nà tó yí adágún náà ká dáadáa, kẹ̀kẹ́ ọmọdé ń gbà á, ó sì ń gba kẹ̀kẹ́ arọ náà. Pẹ́pẹ́yẹ oríṣiríṣi ló wà lórí omi.

Ẹ sọ ìtàn ibẹ̀ fún àwọn ọmọ o, torí ẹjọ́ ilẹ̀ ni, Yorùbá sì mọ ẹjọ́ ilẹ̀. Láti ayébáyé ni àwọn ará abúlé Loughton ti ní ẹ̀tọ́ láti máa gé ẹ̀ka igi fún ìdáná nígbà òtútù. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olówó tó pe ara wọn ní onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọgbà yí igbó ká, wọ́n ń gé e tà. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Thomas Willingale ta kú. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń gé ẹ̀ka wọn lọ bí bàbá wọn ṣe ń gé e, wọ́n sì rán àwọn kan nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀. Níkẹyìn, àjọ City of London gbé àwọn onílẹ̀ lọ sí kóòtù, ó sì jàre. Òfin Epping Forest jáde ní 1878: wọn kò gbọ́dọ̀ fi ọgbà gé igbó náà mọ́, gbogbo aráàlú ló ni ín láti máa gbafẹ́ nínú rẹ̀. Ní 1882, Ọbabìnrin Victoria wá sí High Beach fúnra rẹ̀ láti fi lé aráàlú lọ́wọ́. Ó tó 2,400 hẹ́kítà, City of London ló ṣì ń bójú tó o.

Àmì ẹjọ́ yẹn wà lára igi. Ẹ wo àwọn hornbeam àti beech: ìdí kúkúrú, ó tóbi, ó dé òkè orí ènìyàn díẹ̀ ó wá pín sí ẹ̀ka mẹ́fà méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bí òpó ilé. Ibi tó ti pín yẹn ni àáké àwọn ará Loughton máa ń dé. Òfin 1878 dá gígé dúró, wọ́n sì san nǹkan fún wọn dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀ka kò ti rí ẹni gé e mọ́, ó ń sanra lọ.

Ẹ wọ bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, bí òjò bá rọ̀ lánàá, bàtà kánfáàsì kò ní padà sílé bó ṣe lọ. Ohun kan sì kù: olú pọ̀ níbẹ̀ nígbà ìwọ́wé, ṣùgbọ́n òfin igbó náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni já a. Àwọn kan wà nínú wọn tó ń pani, wọ́n sì jọ èyí tí a máa ń jẹ nílé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án.

Mọ́mìBọ́lá · 10:31 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìmọ̀ràn. Láti 1987 ni mo ti wà ní ìlú yìí, Peckham ni mo gbé jù. Iṣẹ́, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ parí sí. Àwa tí a wá nígbà yẹn, a kò wọ igbó wọn. Kì í ṣe pé a kò fẹ́. Bí a bá rí ọgbà àti géètì lẹ́bàá oko, ọkàn wa á sọ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni, wọ́n á pe ọlọ́pàá. Àwọn kan á sì máa wo ènìyàn bíi pé ó ṣìnà. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti ń lọ: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹ lè gba ibì kan kọjá? Ajá ńkọ́, àwọn tí wọn kì í so mọ́lẹ̀ yẹn?

ỌmọÌjẹ̀bú_Maidstone · 11:10 àárọ̀

Mọ́mì, ẹ kú ìfaradà ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìbéèrè yín ṣe pàtàkì ju orúkọ ibi tí a máa lọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ dáhùn ẹ̀ yékéyéké.

Ní ilẹ̀ England, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí òfin mọ̀ wà káàkiri, ó sì máa ń gba inú oko àgbẹ̀ kọjá. Àgbẹ̀ ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ ojú ọ̀nà náà. Kò gbọ́dọ̀ dí i. Àmì tí ẹ máa wò ni ọfà kékeré tí wọ́n kàn mọ́ òpó tàbí géètì. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló ni ín. Níbi tí ọfà bá wà, ẹ rìn, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó nídìí tí àgbẹ̀ fi ṣí i.

Màlúù: bó bá ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ yẹ̀bá fún un, kódà bí ó bá gba pé kí ẹ kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ẹ má sáré, ẹ má sì gba àárín ìyá àti ọmọ.

Ajá: ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n dúró sójú kan, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má sá. Ẹ̀yin ẹ ké sí olówó rẹ̀ pé kó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ kò bẹ̀ ẹ́ ní ojú rere o, òfin ló ní kó kápá ajá rẹ̀.

Ti àwọn tó ń wo ènìyàn, òótọ́ ni, wọ́n ṣì ń wò. Kíkí ni àṣà ojú ọ̀nà igbó níhìn-ín, bí wọn kì í tiẹ̀ í kíra wọn nínú tréènì. Ẹ kí wọn kí wọ́n tó kí yín, ojú wọn á rọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò dá wà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, Rhiane Fatinikun, ló dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní 2019, kí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú lè máa kóra jọ rìn nínú igbó àti lórí òkè. Ìyá Méjì, bí ẹ̀rù àtinìkan-lọ bá ń bà yín, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

BàbáDélé_Croydon · 12:40 ọ̀sán

Box Hill ni tèmi, ní Surrey. Tréènì láti Waterloo dé ibùdókọ̀ Box Hill & Westhumble, ó ń lọ bíi wákàtí kan. Ẹ máa rìn sọ̀kalẹ̀ dé Odò Mole, níbi tí wọ́n to òkúta 17 sínú omi fún àwọn ènìyàn láti máa tẹ̀ kọjá. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ nígbà ogun, olórí ìjọba Clement Attlee ló ṣí àwọn tuntun ní 1946. Àwọn ọmọ mi lè máa tẹ òkúta yẹn lọ bọ̀ títí ọjọ́ á fi rọ̀. Bí òjò bá ti pọ̀, omi á bò wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ máa gba afárá.

Lẹ́yìn odò ni òkè náà, ó ga gan-an, àtẹ̀gùn ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Lókè pátá, ẹ máa rí gbogbo ilẹ̀ gúúsù títí ojú á fi ṣú. Níbẹ̀ la ti máa ń jẹun. Bí ẹ bá ní ààrò kékeré alágbèéká, ẹ lè gbé e dání, kí ẹ sun ẹran suya níbẹ̀. Àwa Yorùbá kì í jẹ búrẹ́dì tútù lọ́jọ́ ìgbafẹ́.

Adé_Panápaná · 12:58 ọ̀sán

Bàbá Délé, ẹ dákun, ẹ má gbé iná lọ. Inú iṣẹ́ panápaná ni mo wà, mi ò lè ka ìyẹn kí n dákẹ́. Box Hill jẹ́ ilẹ̀ National Trust, àjọ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, wọn kò gba iná níbẹ̀. Òfin Epping Forest kọ̀ ọ́. Richmond Park àti gbogbo ọgbà ọba kọ̀ ọ́.

Ẹ rántí 19 oṣù Keje 2022, ọjọ́ tí ooru England kọjá ìwọ̀n 40 fún ìgbà àkọ́kọ́. Koríko gbẹ, iná ran láti pápá wọ ilé ní Wennington, nítòsí Rainham, ó sì jó ilé àwọn ènìyàn kanlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ wọ panápaná London lọ́rùn jù láti ìgbà ogun àgbáyé kejì. Koríko tó dà bíi pé ó tutù lókè, ewé gbígbẹ ọdún tó kọjá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ta iná kan tó bọ́ láti inú ààrò lè wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, kó tó ràn.

Ẹ sun suya yín nílé, ẹ fi bébà fadákà wé e, kí ẹ fi aṣọ ìnura wé e lórí. Ó ń gbóná títí di ọ̀sán. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú fúláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò náà kì í tutù: ẹ kọ́kọ́ da omi hóhó sínú fúláàsì náà, ẹ jẹ́ kó wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu ìrẹsì sí i.

BàbáDélé_Croydon · 1:15 ọ̀sán

Mo gbà, ẹ ṣeun. Mi ò ní gbé e mọ́.

ÌyáMéjì_AbbeyWood · 3:02 ọ̀sán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ọlọ́run á ṣe é fún gbogbo yín. A máa kọ́kọ́ lọ sí Lesnes, lẹ́yìn náà Chingford. Èyí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti lọ wá asẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Wọ́n ní kòkòrò kan wà nínú koríko tó ń fa àìsàn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí a bá fẹ́ lọ jìnnà lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́ alẹ́, báwo ni owó tréènì ṣe lè wálẹ̀?

Nọ́ọ̀sìTọ́pẹ́ · 3:40 ọ̀sán

Eégbọn ni, ẹ̀gbọ́n mi, irú èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ajá àti màlúù nílé. Àwọn kan nínú rẹ̀ níhìn-ín ń gbé àìsàn Lyme. Epping ní i, Richmond Park ní i, pàápàá láti ìgbà ìrúwé dé ìgbà ìwọ́wé. Kò yẹ kó dá yín dúró, àyẹ̀wò ló ń fẹ́.

Ṣòkòtò gígùn ni kí wọ́n wọ̀, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ wọn síhòòhò, kí ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ojú abẹ́, ìdodo, ẹ̀yìn etí. Ní ti àwọn ọmọ wa, ẹ wo orí: ẹ la àárín irun dídì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìka tọ́ awọ orí láti iwájú dé ìpàkọ́. Eégbọn tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ lè kéré ju hóró ìrẹsì lọ, ọwọ́ á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Bó bá ti gé ọmọ jẹ, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tínrín mú un níbi tó ti súnmọ́ awọ ara jù, kí ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má fọ́ ọ. Ẹ má ta epo sí i, ẹ má ta kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi iná jó o, gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nílé yẹn kò dára níbí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ara lè mú àmì jáde, ó sì lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta: àmì róbótó tó ń fẹ̀ sí i. Nínú àwòrán ó máa ń pupa lára òyìnbó. Lára aláwọ̀ dúdú, kì í hàn bẹ́ẹ̀, ó lè dà bí ibi tí ènìyàn fi gbá nǹkan tí ẹ̀jẹ̀ sì dì sí lábẹ́ awọ. Torí náà, bí ara ọmọ bá ń gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí oríkèé ń dùn ún lẹ́yìn ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà fúnra yín pé ẹ wọ igbó. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n á bi yín.

Ṣadé_Tíkẹ́ẹ̀tì · 4:25 ìrọ̀lẹ́

Ti owó: ẹ ra káàdì ẹ̀dínwó tréènì tó ń jẹ́ Family & Friends. Ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó àgbàlagbà, ó sì ń yọ ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó ọmọ ọdún 5 sí 15. Ọmọ kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú yín. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà mẹ́ta tí ẹ jọ ń lọ tí ẹ kò ní káàdì, ẹ béèrè ẹ̀dínwó GroupSave, òun náà ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ má gbéra kí wákàtí tí èrò ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ tó kọjá. Ẹ sì wo ojú ìwé National Rail lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: ọjọ́ Àìkú àti ìsinmi Àjíǹde ni wọ́n máa ń tú irin ṣe, bọ́ọ̀sì ni wọ́n á sì fi rọ́pò tréènì.

ÌyáÌbejì_Putney · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má gbàgbé Richmond Park. Ọba Charles Kìíní ló mọ odi yí i ká ní 1637, àgbọ̀nrín tó wà níbẹ̀ lé ní 600, wọ́n ń jẹko ní gbangba. Ẹ fi mítà 50 sí àárín ẹ̀yin àti wọn, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Oṣù Karùn-ún sí Keje ni wọ́n ń bímọ, ìyá wọn máa ń gbéjà. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni akọ ń jà. Ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé náà kún orí igi ibẹ̀, ariwo wọn ni ẹ máa fi mọ̀ wọ́n.

Kọ́lá_Brixton · 6:48 ìrọ̀lẹ́

Fún ọjọ́ tí ẹ kò bá níṣẹ́ alẹ́: òkun. Mo mọ̀ pé Southend ló yá jù. Fenchurch Street ni tréènì rẹ̀ wà, afárá ìgbafẹ́ tó wọnú òkun níbẹ̀ ló sì gùn jù nínú irú rẹ̀ láyé, ó lé ní kìlómítà méjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi, Seven Sisters ní Sussex ni màá lọ, òkè efun funfun tó dúró sínú òkun. Efun gidi ni, bí ọmọ bá fi ọwọ́ kàn án, ọwọ́ á funfun.

Tréènì láti Victoria dé Lewes, ẹ yí sí èyí tó ń lọ Seaford. Ní Seaford, bọ́ọ̀sì nọ́mbà 12 á já yín sílẹ̀ ní Exceat. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tẹ́jú lẹ́bàá odò Cuckmere tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ títí dé etí òkun, ọmọ ọdún mẹ́fà á rìn ín.

Ẹ jọ̀wọ́, etí òkè yẹn. Efun kò lágbára. Lójoojúmọ́ ni òkun ń jẹ ìdí rẹ̀, ó sì lè ya wálẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí koríko ti hù dáadáa lókè lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó jókòó síbẹ̀ ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ nítorí fọ́tò, ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ẹ jìnnà sí etí rẹ̀, kí ẹ má sì jókòó sí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ wo àkókò tí òkun ń kún kí ẹ tó gbéra. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, 999 ni, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní coastguard, àwọn tó ń gba ẹ̀mí là létí òkun.

ỌmọÌsẹ́yìn · 8:15 alẹ́

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ Canterbury! Tréènì ayárabíàṣá láti St Pancras dé Canterbury West kò tó wákàtí kan, ẹ sì lè wọ̀ ọ́ ní Stratford International. Nínú kàtídírà ìlú yẹn ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 29 oṣù Kẹfà 1864. Ọmọ Òṣogùn ni, ní agbègbè tiwa. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun òkun Britain sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 2014, nígbà tó pé 150 ọdún, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nínú kàtídírà náà nítorí bí wọ́n ṣe hùwà sí i nígbà tó dàgbà. Mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà ní London dúró nínú ilé yẹn, kó sì gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú un wá sí orí ọ̀rọ̀ igbó: àríwá ìlú náà ni igbó Blean wà. Nínú oṣù Keje 2022, wọ́n kó bison wá síbẹ̀, ẹranko tó jọ ẹfọ̀n, àmọ́ tó nírun jù ú. Bison ń fi ara ha igi, ó ń bó èèpo rẹ̀, ó ń wó àwọn kan lulẹ̀. Oòrùn á wá ráyè dé ilẹ̀, òdòdó àti kòkòrò á pọ̀ sí i. Wọ́n fi ọgbà yí wọn ká, ẹ sì lè má rí wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, torí igbó náà fẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n dé yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú wọn bímọ, láìjẹ́ pé àwọn olùtọ́jú mọ̀ pé ó lóyún.

Ẹ̀gbọ́nWoolwich, ẹ sọ ti Richard de Luci. Ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí wọ́n pa bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Becket nínú kàtídírà Canterbury yìí ló dá Lesnes sílẹ̀, orúkọ Becket yìí kan náà ló sì fi yà á sí mímọ́. Ẹ lè fi ọ̀kan ṣe ìsinmi ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹ fi èkejì ṣe ti ọ̀sẹ̀ kejì.

Mọ́mìBọ́lá · 9:03 alẹ́

Ẹ ti jẹ́ kó wù mí o. Orúnkún mi ni kò gbà mọ́. Òkè kò ṣe é gùn, ẹrẹ̀ kò ṣe é wọ̀. Ọmọ-ọmọ mi fẹ́ràn ẹyẹ. Ṣé ibi tó tẹ́jú wà, tí èmi náà lè jókòó nígbà tó bá rẹ̀ mí?

Akin_Walthamstow · 9:20 alẹ́

Mọ́mì, ó wà. Walthamstow Wetlands, ọ̀nà Victoria ló ń gbé yín dé Tottenham Hale, ẹ kò ní gun àtẹ̀gùn níbẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè ni ẹ máa fi jáde. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù, ọ̀nà sì tẹ́jú. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé.

Adágún mẹ́wàá ni, omi tí àwọn ará London ń mu ló wà nínú wọn. Ní 2017 ni wọ́n ṣí géètì fún gbogbo ènìyàn. Bẹ́ǹṣì wà lójú ọ̀nà, ilé oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ilé ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ yín á rí ẹyẹ funfun tó jọ lékeléke wa gan-an, ó ń fẹsẹ̀ dúdú rìn létí omi, àwọn ọmọ ìka rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè bí ó bá gbé wọn sókè. Àwọn ẹyẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn kọ́ ìtẹ́ sórí igi erékùṣù àárín omi, ìgbà ìrúwé ni ẹ máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wọn. Ẹ gbé awò awọ̀nàjíjìn dání bí ẹ bá ní.

Wọn kì í jẹ́ kí ajá wọbẹ̀, àfi ajá tó ń ran afọ́jú àti aláìlera lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ìsinmi tèmi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ aago tó bá yín lára mu, màá dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ Tottenham Hale.